Ta Ló Ni Ẹrù Inú Kọ́rídọ̀?

Ṣá! Ṣá! Ṣá!

Ìró ìgbálẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, nígbà tí mo wà ní kékeré. Òun ló máa ń jí mi láràárọ̀ nínú ilé wa ní Ilé-Ifẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ti di Màmá Àgbà báyìí. Èmi náà ti di Bàbá Lọ́ńdọ̀nù, nítorí pé mo ti pẹ́ níbẹ̀ gan-an.

Ṣùgbọ́n ilé náà ṣì wà. Sùmáyà ń gbé ibẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni. Màmá Àgbà ló bí bàbá rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé, bí Sùmáyà ṣe sọ ọ́ fún mi.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan, Sùmáyà jí. Ó fọ ẹnu. Ó sáré lọ sí yàrá Màmá Àgbà.

"Ẹ káàárọ̀ o, Màmá Àgbà! Ẹ jẹ́ ká lọ jókòó síta!"

Ojoojúmọ́ ni Màmá Àgbà máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé. Wọ́n á kí ẹni tó ń lọ sí Mayfair nínú Ifẹ̀. Wọ́n á kí ẹni tó ń bọ̀ láti Modákẹ́kẹ́. Bí ọmọ kékeré bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Ṣé o ti jẹun?"

Ṣùgbọ́n orúnkún ń dun Màmá Àgbà. Dókítà ti fún wọn ní ọ̀pá tuntun. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni ọ̀pá náà ní.

Kó. Kó. Kó. Màmá Àgbà dé kọ́rídọ̀.

Gbàgà!

Ọ̀pá kọ lu ẹrù tó kún ibẹ̀. Kò lè kọjá.

"Ìwọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin yìí," ni Màmá Àgbà sọ fún ọ̀pá náà, "o ti sanra jù!"

Sùmáyà rẹ́rìn-ín. Màmá Àgbà padà sí yàrá.

Lọ́jọ́ Àìkú, kó, kó, kó, gbàgà!

Lọ́jọ́ Ajé, kó, kó, kó, gbàgà!

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Màmá Àgbà kò dìde mọ́. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń wo ògiri.

"Sùmáyà," ni wọ́n wí, "ṣé àwọn èèyàn ṣì ń kọjá níta?"

Sùmáyà jáde kúrò ní yàrá. Ó lọ dúró sí kọ́rídọ̀. Ẹrù rèé! Ẹrù gun orí ẹrù.

"Dádì, ta ló ni ẹrù yìí?"

"Ẹrù Bàbá Lọ́ńdọ̀nù ni. Má fọwọ́ kàn án o."

"Mọ́mì, ta ló ni ẹrù yìí?"

"Ẹrù Bàbá Lọ́ńdọ̀nù ni. Tí a bá gbé e jáde, ó máa dà bí ẹni pé a ní kí wọ́n má padà wálé mọ́."

Bọ̀dá Oyèkúnlé, ayálégbé wọn, yọjú láti yàrá tirẹ̀.

"Bọ̀dá Oyè, ta ló ni ẹrù yìí?"

"Bàbá Lọ́ńdọ̀nù kẹ̀! Bàbá yẹn lẹ́rù o!"

Sùmáyà gba fóònù Dádì. Ó ya fọ́tò. Ká! Ó fi ránṣẹ́ sí mi. Ó sì pè mí, gbogbo ilé ń gbọ́.

"Bàbá Lọ́ńdọ̀nù, ṣé ẹ̀yin lẹ ni táyà yìí?"

"Táyà kẹ̀? Èmi tí mi ò ní mọ́tò rí n'Ífẹ̀?"

Dádì bẹ̀rẹ̀ sí í wo òkè àjà.

"Ó... ó jọ táyà mi," ni Dádì wí.

"Hẹn-ẹn!" ni Mọ́mì wí.

Gbìrì, gbìrì, gbìrì. Dádì yí táyà rẹ̀ jáde.

Ká!

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ìkòkò tó ti lu yìí?"

"Ìkòkò kẹ̀? Èmi tó jẹ́ pé Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti kọ́ ọbẹ̀ sísè!"

Mọ́mì fọwọ́ bo ẹnu.

"Hẹn-ẹn!" ni Dádì wí. Inú rẹ̀ dùn jọjọ.

Kango, kango, kango. Mọ́mì gbé ìkòkò rẹ̀ jáde.

Ká!

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ni fáànù tó ti kán lọ́rùn yìí?"

"Fáànù kẹ̀? Ṣé òtútù ibí ò tó mi ni?"

Bọ̀dá Oyèkúnlé họ orí. "Mo fẹ́ tún un ṣe ni o. Ọ̀la ni mo ti ń sọ láti ọdún tó kọjá."

"Hẹn-ẹn!" ni Dádì àti Mọ́mì wí pọ̀. Bọ̀dá Oyèkúnlé gbé fáànù rẹ̀ jáde.

Sùmáyà tún fọwọ́ fa nǹkan jáde. Bàtà kékeré ni, aláwọ̀ pupa.

"Bàbá Lọ́ńdọ̀nù, ṣé ẹ̀yin lẹ ni..."

Ó wo bàtà. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Yéè! Tèmi ni!"

Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé mi. Sùmáyà kó bàtà náà lọ fún Ìkẹ́olúwa, ọmọ kékeré ilé kejì. Ó ṣe é lẹ́sẹ̀ rẹ́gí.

Ó wá ku ẹyọ kan. Àpótí onírin ni, ó tóbi, ó sì dúdú.

Ká!

Mo wo fọ́tò náà. Mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Èyí... tèmi ni," ni mo wí.

"Ṣé ká gbé e jáde, Bàbá?"

Mo ní, "Jẹ́ kí n rò ó ná."

Dádì na ọwọ́ sí àpótí. Màmá Àgbà ké láti yàrá:

"Ẹ fi í sílẹ̀! Ẹrù àbúrò mi ni. Títí tó máa fi sọ̀rọ̀, kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án."

Lọ́jọ́rú, Màmá Àgbà tún gbìyànjú. Kó, kó, kó.

Gbàgà! Àpótí.

Sùmáyà mú àkísà. Ó nu àpótí náà, ó nù ún títí ó fi ń dán. Ó wá fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

"Bàbá Lọ́ńdọ̀nù, mo ti nu àpótí yín. Orúkọ yín ṣì wà lára ẹ̀. Màmá Àgbà ò tíì rí oòrùn láti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀rọ̀."

Lọ́jọ́bọ̀, ní àárọ̀, fóònù Dádì dún. Tín!

Sùmáyà kà á. Ó fò sókè!

"Wọ́n ti sọ̀rọ̀! Wọ́n ti sọ̀rọ̀!"

Dádì di ẹ̀gbẹ́ kan mú. Bọ̀dá Oyèkúnlé di ẹ̀gbẹ́ kejì mú.

"Rọra o, ẹsẹ̀ mi!"

"Ẹsẹ̀ tèmi ńkọ́?"

Wọ́n gbé àpótí kúrò. Mọ́mì nu ilẹ̀. "Kẹ́nikẹ́ni má gbé nǹkan síbí mọ́ o," ni ó wí. "Èmi náà ò ní gbé nǹkan kan síbí mọ́."

Kó. Kó. Kó. Kó. Kó.

Kò sí gbàgà!

Màmá Àgbà dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n jókòó. Oòrùn ràn sí wọn lẹ́sẹ̀.

"Màmá Àgbà!" ni obìnrin kan ké láti ojú títì. "Ẹ kú ìjókòó o! Ojú yín ti wọ́n jù!"

"Mo wà o! Alhamdulilahi!"

Màmá Àgbà fa Sùmáyà mọ́ra.

"Ohun tí àbúrò mi kọ yẹn, tún un kà fún mi. Rọra kà á."

Sùmáyà rọra kà á:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun. Ogójì ọdún lẹ fi bá mi tọ́jú àyè mi nínú ilé. Mo dúpẹ́. Ẹ ṣí àpótí náà, kí ẹ fi aṣọ inú rẹ̀ ta ẹni tó bá nílò rẹ̀ lọ́rẹ. Ẹ gbé e kúrò lọ́nà, kí ẹ rí ọ̀nà jáde. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Sùmáyà. Tí n bá dé lóṣù Kejìlá, ẹ̀gbẹ́ yín ni màá jókòó sí."