Àtẹ́lẹwọ́ Ayman

"Kí nì yìí?"

"Bọ́ọ̀lù."

"Èyí ńkọ́?"

"Ife."

"Èyí?"

Ayman yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ ọdún méjì àti ààbọ̀ ni. Alángbá kan ń mirí lára ògiri, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọkàn ọmọ náà wà.

"Ṣíbí ni! Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo fẹ́ sọ ọ́? Na ọwọ́ ẹ!"

Ayman na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síwájú, ó di ojú pinpin. Hafeezah, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fi rúlà lù ú. Kò fi gbogbo agbára lù ú, ṣùgbọ́n ètè ọmọ náà gbọ̀n. Ni wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀ látòkè: bọ́ọ̀lù, ife, ṣíbí, bàtà.

Bẹ́ẹ̀, wọn kò ní kó ṣe é báyìí o. Nígbà tí ìsinmi gígùn bẹ̀rẹ̀ ni àwọn olùwádìí kan wá sí àdúgbò wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde láti yunifásítì tó wà lápá Ìjagun. Àǹtí Tiwaladé ni olórí wọn, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í wá àga, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọmọdé ló máa ń jókòó sí. Ó ṣàlàyé pé ìwádìí ti fi hàn pé ọpọlọ ọmọ kékeré máa ń jí pépé bí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ bá ń bá a sọ̀rọ̀, tó sì ń bá a ṣeré. Kò pọn dandan kí wọ́n ra ohun ìṣeré olówó ńlá. Ife ike àti ọmọrí ìkòkò ti tó.

"Ohun tó bá ń wò ni kí o bá a wò," ó sọ fún Hafeezah. "Bó bá nàka sí nǹkan, dá a lóhùn. Gbé fóònù sílẹ̀ fúngbà díẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ìsinmi bá ń parí lọ, a ó wo bí àwọn ọmọ ṣe ń ṣe sí."

Ràmọ́tà, ìyá wọn, ló yára dáhùn: "Hafeezah mi á ṣe é dáadáa." Láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú, Ìbẹ̀fun ni obìnrin náà ti ń yan gàrí. Kété tó bá ti kírun àsùbáà tán, ó ti jáde. Hafeezah ló ń fi Ayman sílẹ̀ fún. Gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń yan gàrí ló sì ti gbọ́ pé Hafeezah ń kọ́ àbúrò rẹ̀ bí àwọn olùwádìí ṣe ní kó ṣe.

Hafeezah wo! Fóònù kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bí Ayman bá nàka sí adìyẹ, "Ẹn-ẹ́n" ni yóò sọ, kò ní gbójú sókè. Bí ìyá rẹ̀ bá dé, tó bi í pé, "Ṣé ẹ ṣeré lónìí?" á ní, "A ṣe é, Màámi." Irọ́ náà rọrùn lójoojúmọ́.

Ìgbà tí ọjọ́ tí wọ́n máa wo àwọn ọmọ kù díẹ̀ ni àyà rẹ̀ tó já. Rodiat, ọ̀rẹ́ rẹ̀, wá mú ìròyìn wá, torí àwọn olùwádìí ti wo ọmọ ẹ̀gbọ́n tirẹ̀. "Bọ́ọ̀lù ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde, ife tẹ̀ lé e, ṣíbí, wọ́n wá fi bàtà parí ẹ̀."

Ẹ̀yin náà ẹ sọ òótọ́: bí ìbéèrè ìdánwò bá ti jáde, ta ló tún ń ṣí ìwé? Kò sẹ́ni tó sọ fún Hafeezah pé ọmọ ọdún méjì kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe jíbìtì ìdánwò. Ó wá rúlà.

Nígbà tí ọjọ́ àyẹ̀wò Ayman pé, Ràmọ́tà kò lọ sí Ìbẹ̀fun. Ó ró ìró tó fi ń lọ sí Yídì lọ́jọ́ ọdún, wọ́n wọ kẹ̀kẹ́, wọ́n dé gbọ̀ngàn tí àwọn ìyá mìíràn ti jókòó yí ẹní ká. Àǹtí Tiwaladé da àwọn nǹkan náà sílẹ̀ gìrọ́gìrọ́, ó sì mú bàtà.

"Ayman, kí nì yìí?"

"Bọ́ọ̀lù," ni Ayman wí, ohùn rẹ̀ já gaara.

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ó mú bọ́ọ̀lù.

"Ife."

Ẹ̀rín pọ̀ sí i. Ó gbé ife.

"Ṣíbí!"

Ràmọ́tà náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. Hafeezah wúkọ́, ó sì fojú gún ọmọ náà. Ayman rí ojú yẹn. Ó mọ̀ ọ́n. Ó dìde, ó rìn lọ bá Àǹtí Tiwaladé, ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síwájú, ó di ojú pinpin, ó ń dúró.

Ẹ̀rín dá wáí.

"Ta ló ń nà ọ́ lọ́wọ́?" obìnrin náà bi í pẹ̀lẹ́.

Ayman la ojú, ó yíjú wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Gbogbo ojú tó wà níbẹ̀ tẹ̀ lé tirẹ̀. Ojú gba Hafeezah tì. Bí ilẹ̀ bá lanu, ì bá wọlé láì kí ẹnikẹ́ni pé ó dàbọ̀.

"Èmi ni, mà," ó wí, omijé ti bọ́. "N kò bá a ṣeré rárá. Mo gbọ́ ohun tí ẹ máa bi wọ́n, òun ni mo fi kọ́ ọ."

Àǹtí Tiwaladé gba ọwọ́ Ayman, ó fi bọ́ọ̀lù sí i. "Hafeezah, kò sí máàkì níbí. Iṣẹ́ tiwa la fẹ́ dán wò, bóyá ohun tí a ní kẹ́ ẹ ṣe ń ran ọmọ lọ́wọ́. Ká ní o sọ pé o kò ṣe é, ìyẹn náà ì bá wúlò fún wa. Ní báyìí, a ò lè lo ohun tí a rí lára Ayman."

Nígbà tí wọ́n délé, Ràmọ́tà gbé ọmọ náà lé itan, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó wò ó títí.

"Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, à á fi tòsì fà á mọ́ra," ó wí. "Ìwọ ńkọ́, Hafeezah? Fóònù ló wà lọ́wọ́ òsì tìẹ."

Ọ̀rọ̀ náà dun Hafeezah ju ìgbátí lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé fóònù fún ìyá rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ayman gbé ife ike dé orí. "Fìlà," ó wí.

Hafeezah lanu láti sọ pé ife ni. Kó tó sọ ọ́, ọmọ náà ti na àtẹ́lẹwọ́.

Hafeezah sunkún. Lẹ́yìn náà ó mú ọmọrí ìkòkò, ó gbé e dé orí tirẹ̀. "Fìlà ni lóòótọ́. Èmi náà rèé, ṣé ó yẹ mí?" Ayman wò ó, ó rọra fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ẹ̀rín sì yọ lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ilé-ìwé ti wọlé padà kí ọmọ náà tó ṣíwọ́ nínà àtẹ́lẹwọ́ síwájú. Ibẹ̀ ni Hafeezah ti mọ̀ pé ìfẹ́ àti sùúrù ló ń kọ́ ọmọ, àti pé ẹni tó bá fi irọ́ bo iṣẹ́ tí kò ṣe, ẹlòmíràn ni ìyà rẹ̀ máa ń jẹ. Ní ti ìyá wọn, kò bi Hafeezah mọ́ bóyá wọ́n ṣeré. Bó bá ti Ìbẹ̀fun dé nírọ̀lẹ́, Ayman ló ń bi, Hafeezah a sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á tẹríba, á máa retí ohun tí ọmọ náà máa sọ.