Fáànù Tí Kò Ṣàìsàn

Òjò ti pa ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe náà dé egungun nígbà tí obìnrin tó ránṣẹ́ pè é ṣílẹ̀kùn fún un. Ó ti bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi wé àpò irinṣẹ́. Àpò gbẹ, ẹni tó ni í ń gbọ̀n.

"Ẹ jọ̀ọ́, ibí ni kọ̀ǹpútà tó ń kú wà?"

"Ibí ni. Ẹ wọlé, kí ẹ̀yin náà má baà kú sẹ́nu ọ̀nà."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí wọ́n ti gbọ́ ẹ̀rín nínú yàrá yẹn. Bàbá obìnrin náà wà lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́bàá fèrèsé, àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá òsì rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni tábìlì ọmọ rẹ̀ wà, níbi tó ti ń tẹ ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ lóhùn. Iṣẹ́ ti rẹ̀ ẹ́, ìtọ́jú ti rẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà wá fi tirẹ̀ kún un: á gbóná, á kú lójijì, iṣẹ́ àárọ̀ á sì wọmi.

Ọkùnrin náà tú u. "Fáànù inú rẹ̀ ò yí." Ó fi tuntun sí i, ó lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ náà tún kú.

Tìtìjú-tìtìjú ló fi padà wá. "Ẹ má bínú, aláìṣẹ̀ ni mo dá lẹ́bi." Lọ́tẹ̀ yìí kò tú nǹkan kan, àwọn ètò inú kọ̀ǹpútà ló ń yẹ̀ wò. Nígbà tó yá, ó ní, "Ètò kan wà níbí tó ń pàṣẹ fún fáànù pé kó má yí. Ta ló fi síbẹ̀?"

Obìnrin náà fọwọ́ bojú. "Èmi ni. Ariwo rẹ̀ ń jí bàbá mi. Mo ti gbàgbé pátápátá." Ló bá bú sẹ́kún.

"Ariwo wo?" Bàbá fọhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Ìdákẹ́jẹ́ ilé yìí gan-an ló ń pa mí!"

Ọkùnrin náà yọ ètò náà kúrò. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ara ẹ̀rọ tutù. Síbẹ̀, ọkùnrin náà kò yéé wá.

"Mo ní kí n wo fáànù."

"Fáànù ń kí yín. Ó ní ara òun ti le."

Kò pẹ́, "ẹ" di "o" láàárín wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tó ní òun fẹ́ fi í ṣaya, ojú obìnrin náà fà ro.

"Olólùfẹ́ mi, ọkùnrin tó fẹ́ fi mí ṣaya ṣáájú rẹ ní kí n yan òun tàbí bàbá mi. Mi ò lè fi bàbá mi sílẹ̀. Máa lọ, kó tó dùn ọ́ jù."

Ó lọ lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀; obìnrin náà ń tẹ̀wé, ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni ọkùnrin náà tún kanlẹ̀kùn. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló gbà lọ tààrà.

"Bàbá, yàrá tó kángun sí tiyín ṣófo. Mo ti bá onílé sọ ọ́ pé mo fẹ́ gbà á. Tí ẹ bá gbà fún mi, ẹ ò ní pàdánù ọmọ. Ẹ kàn máa jèrè wàhálà kan sí i ni."

Bàbá wojú ọmọ rẹ̀. "Ṣé o fẹ́ ẹ?"

"Ó rẹ̀ mí, Bàbá. Àmọ́ mo fẹ́ ẹ gan-an."

Bàbá fi ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì lágbára gbé ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lé ti ọkùnrin náà. Wọ́n jókòó síbẹ̀. Obìnrin náà gbórí lé èjìká àfẹ́sọ́nà rẹ̀, oorun sì gbé e lọ. Ọkùnrin náà kò mira títí ó fi jí.