Ẹ̀wà Igbó Ààyè

Ọ̀sán gangan ni, Oyèwọlé ń kọ ebè iṣu lórí ilẹ̀ pápá kan lẹ́yìn Ààyè-Èkìtì, nígbà tí ọmọbìnrin kan sáré já sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀dá, ẹ má hú u!"

Oyèwọlé dá ọkọ́ dúró. Ẹ̀wà igbó lásán ló fẹ́ hú, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í gbìn. Ọmọbìnrin náà ní Ìtùnú lorúkọ òun, yunifásítì ní Ìkọ̀lé lòun ti ń ṣèwádìí.

"Kì í kú," ó ní. "Bí ọ̀dá dá, bí iná pápá jó o, gbòǹgbò rẹ̀ á tún rúwé lámọ́dún. A fẹ́ kí ẹ̀wà tí à ń jẹ náà lè fara dà á báyẹn."

"Torí koríko lẹ ṣe sáré tó yìí?" Oyèwọlé rẹ́rìn-ín. Àmọ́ kò hú u.

Ọdún méjì ni Ìtùnú fi ń gun ọ̀kadà wá wọn ìtàkùn ẹ̀wà náà. Oyèwọlé a ti sun iṣu dè é. Kí wọ́n tó mọ̀, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára.

"Adúmáradán mi, ìwọ ni mo fẹ́ bá dàgbà," Oyèwọlé sọ fún un lọ́jọ́ kan.

Àbẹ̀ní, ìyá Oyèwọlé, fẹ́ràn Ìtùnú. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè: kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ọmọ méjì ni àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Oyèwọlé nìkan ló kù.

Èsì dé. AS ni Oyèwọlé, AS ni Ìtùnú.

Àbẹ̀ní di ọwọ́ Ìtùnú mú. "Ọmọ mi, mi ò kórìíra rẹ. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ bí ọmọ ṣe ń ké nítorí eegun tó ń dùn ún. Mi ò lè gbọ́ ọ mọ́ ní ulé yìí."

"Ká fẹ́ra wa, ká má bímọ," Oyèwọlé bẹ Ìtùnú.

"Ìwọ tí o kì í rí ọmọ ọlọ́mọ kó o má gbé e? Lọ́jọ́ kan wàá fẹ́ ọmọ, olólùfẹ́ mi. Màá sì rí i lójú rẹ."

Nígbà tí ẹ̀wà náà gbẹ, wọ́n jọ ká a. Iṣẹ́ Ìtùnú ti parí. Lọ́jọ́ kejì, Oyèwọlé sìn ín dé gáréèjì Ìkọ̀lé.

"Má dúró títí mọ́tò á fi ṣí," Ìtùnú ní. "Tó o bá dúró, mi ò ní lè lọ."

Oyèwọlé yí padà, kò wẹ̀yìn.

Ìyá rẹ̀ ti ń retí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé ó ti lọ?"

"Ó ti lọ, Màmá."

Àbẹ̀ní, tó ti sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́sí láìsunkún, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì bú sẹ́kún. Oyèwọlé ló wá ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.