Túùbù Tó Ń Mí

Túùbù tí bàbá arúgbó kan gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù Ìyá Onítáyà lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí abíyá ọmọ tí ibà ń ṣe. Bàbá ò gun kẹ̀kẹ́, kò sì wa mọ́tò.

"Ó ń jò, ọmọ mi," ló sọ, ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde.

Ìyá Onítáyà fẹ́ dáhùn, ikọ́ gbà á lẹ́nu. Ó ti pẹ́ tí ikọ́ ọ̀hún ti ń bá a gbé, bí àlejò tí kò mọ̀ pé òun ti sú onílé. Kó lọ sọ́sibítù? Oníṣẹ́ oṣù ní ọ̀gá tó ń bá a gbé ẹrù adójútòfò ìlera, owó ìtọ́jú tí à ń san sílẹ̀ de àìsàn. Ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ ara rẹ̀, òun nìkan ni yóò rù ú, ẹrù náà sì ju ohun tí táyà lílẹ̀ lè gbé lọ. Oògùn ikọ́ ló ń mu, ó ń mójú kúrò.

Ó fún túùbù ní atẹ́gùn, ó rì í bọnú ọpọ́n omi. Omi hó pùtù-pùtù níbi tó ti ń jò, ó dákẹ́, ó tún hó. Ó di èémí mú kó lè wò ó dáadáa. Omi pa rọ́rọ́. Ó mí síta, omi hó.

Irun ọrùn rẹ̀ dìde.

Àyà mi rèé, ló rò lọ́kàn. Ẹ̀rù bà á, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tàn: bó bá jẹ́ àyà òun ni, ṣebí òun lè fọwọ́ ara òun lẹ̀ ẹ́! Ó ha ojú ibẹ̀, ó fi gọ́ọ̀mù sí i, ó tẹ rọ́bà mọ́ ọn.

Bí rọ́bà ṣe gbá túùbù mú ni àyà rẹ̀ há. Èémí ò wọlé, kò jáde.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sétí rẹ̀. "Ta ní ń lẹ táyà láì kọ́kọ́ yọ ìṣó?"

Ó já rọ́bà náà kúrò, ó sì ṣubú.

Mẹkáníìkì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí tirẹ̀ ló gbé e dìde. "Ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Bàbá tó gbé túùbù wá."

"Bàbá wo? Ọwọ́ òfìfo lẹ kì bọ omi, ìyá."

Ó gbá apá rẹ̀ mú. "Gbé mi lọ sọ́sibítù."

"Ẹ̀yin? Òjò á rọ̀ lónìí!"

Nínú àwòrán tí wọ́n ya àyà rẹ̀ ní ọsibítù, irin tínńtín kan wà nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹnu fáàfù ni, irin kékeré tó ń dá atẹ́gùn dúró nínú túùbù, èyí tí àwọn onítáyà máa ń há sáàárín eyín bí wọ́n bá ń tú túùbù. Níjọ́ kan tó há a sẹ́nu, mẹkáníìkì pa á lẹ́rìn-ín, obìnrin náà sì rò pé òun gbé e mì ni. "Ohun tó bá wọlé á jáde," ló wí nígbà náà.

Wọ́n ki ẹ̀rọ bọ ọ̀fun rẹ̀, wọ́n fi yọ irin náà. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò ló dáwó ìtọ́jú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan sì là á lọ́yẹ̀ pé bí wọ́n bá kóra jọ san án, adójútòfò náà á rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ìyá Onítáyà ń lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù láti pè wọ́n. Gbogbo wọn gbà, àfi wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ti bá a bọ̀ láti ọsibítù, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

"Èmi kì í ṣàìsàn, ìyá," wẹ́dà ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ wo apá mi, irin ni!"

Lábẹ́ ẹ̀rín náà, Ìyá Onítáyà gbọ́ ọ: ṣíìì, bí túùbù tó ń jò, lábẹ́ ìhà òsì wẹ́dà. Ó fa àpótí sún mọ́ ọn.

"Dara pọ̀ mọ́ wa lónìí," ló sọ jẹ́jẹ́, "kí dókítà lè tètè rí ọ. Kò tíì pẹ́ jù."

Wẹ́dà wò ó lójú. Ẹ̀rín kú sí i lẹ́nu. Ó pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì dìde láti bá a lọ.