Iná Inú Àpótí Fádípẹ̀

Òkú Fádípẹ̀, olùkọ́ físíìsì, wà nílẹ̀ yàrá iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìlá. Àwo ẹ̀wà tó jẹ dé ìdajì wà lórí tábìlì. Ìka kan jó lọ́wọ́ ọ̀tún, ìka kan jó lọ́wọ́ òsì.

"Iná kọ́ ló pa á," Tẹ́júọlá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wí. "Ọjọ́ mẹ́ta rèé tí ìlú ti wà lókùnkùn. Ẹ bi ìyàwó rẹ̀ ohun tó fi sínú ẹ̀wà yẹn."

Bí wọ́n ṣe ti Ẹfúnróyè, ìyàwó Fádípẹ̀, mọ́lé nìyẹn.

Inspẹ́kítọ̀ Oyèbísí, obìnrin tó ń wádìí ikú náà, kì í fẹ́ràn ẹjọ́ tó bá tètè rọrùn. Ó tẹjú mọ́ àpótí onígi kan nínú yàrá iṣẹ́ náà. Kàpásítọ̀ ńláńlá mẹ́jọ, ohun tó ń fa iná pamọ́, ló wà nínú rẹ̀. Fádípẹ̀ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Bólúwají, tó ń ṣiṣẹ́ ínfátà, ló so wọ́n pọ̀. Wọ́n á ṣáájì wọn láti ara bátìrì, wọ́n á tú iná náà jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, agolo mílíìkì á sì rún pọ̀. Eré ni wọ́n fi ń ṣe.

Ó pe Bólúwají. "Ṣé èyí lè pa èèyàn láìsí iná nílùú?"

"Ó lè pa á, mà. Tí a bá ti ṣáájì rẹ̀, iná á wà níbẹ̀ bí omi inú àmù, àfi tí a bá tú u dànù."

"Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé iná wà níbẹ̀?"

"Fìlà ni. Ẹni tó bá ṣáájì rẹ̀ á gbé fìlà iṣẹ́ rẹ̀ lé e. Tí kò bá sí fìlà, kò síná."

"Ta ló ṣáájì rẹ̀ lọ́jọ́ náà?"

Ọkùnrin náà wolẹ̀. "Fádípẹ̀ ni yóò jẹ́, ó ti gbàgbé. Èmi ò débẹ̀ rárá. Ìlú Ọ̀rà ni mo wà, lọ́dọ̀ àwọn àna mi, mo lọ tọrọ ọmọ wọn."

Ṣùgbọ́n fìlà Fádípẹ̀ wà lára ìṣó lẹ́nu ọ̀nà, eruku bò ó. Tẹ́júọlá tó ń bá àbúrò rẹ̀ jà nítorí yàrá náà ò tiẹ̀ mọ ojú àpótí yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n ti ti Ẹfúnróyè mọ́lé, inspẹ́kítọ̀ ní kí Bólúwají fi fọ́tò Ọ̀rà han òun. Aṣọ funfun, bàtà dídán. Fìlà orí rẹ̀ ni lẹ́ẹ̀dì gbígbóná tí wọ́n fi ń lẹ wáyà ti dá ihò mẹ́ta sí.

"Ta ní í dé fìlà iṣẹ́ lọ sílé àna?"

Bólúwají kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹni tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀."

Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Mo yà síbẹ̀ láàárọ̀, mo ṣáájì rẹ̀ sílẹ̀, mo gbé fìlà lé e. Ni ọkọ̀ Ọ̀rà bá dé, wọ́n ní àwọn àgbà ti jókòó. Mo ti gbàgbé fìlà aṣọ mi sílé, mi ò sì lè lọ bá àna láìdé fìlà. Mo mú fìlà iṣẹ́ yẹn dé. Mi ò rántí tú iná náà dànù. Nígbà tí mo padà dé, Fádípẹ̀ ti kú."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ dákẹ́?"

"Àwọn àna mi ò ní fún mi lọ́mọ wọn mọ́ tí wọ́n bá gbọ́. Mo ní tí àwọn ọlọ́pàá bá yẹ ẹ̀wà náà wò, wọ́n á tú Ẹfúnróyè sílẹ̀. Mi ò tíì sùn láti ọjọ́ yẹn, mà."

Wọ́n mú Ẹfúnróyè jáde ní àtìmọ́lé, wọ́n sọ ọ́ fún un. Kò sunkún. Ó wo ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ títí.

"Bọ̀dá Bólúwají," ó ní, "ọjọ́ mẹ́ta lẹ fi ń gbé oúnjẹ wá fún mi níbí. Ẹ máa ń jókòó tì mí títí màá fi jẹ ẹ́ tán."