Ìkejì Sípíkà Bàbá

"Tún fi ọwọ́ kàn án wò," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí. "Bóyá ó ti lọ fúnra rẹ̀."

Etí Ehoro ti ìka bọ inú ìwo igi tó wà lójú sípíkà tó kàn, títí ó fi kan ọ̀fun rẹ̀. Kò tíì lọ. Gegele kékeré kan ṣì wà níbẹ̀, níbi tí pákó ti pàdé irin. Ojú kò lè rí i, ṣùgbọ́n ìka mọ̀ ọ́n, etí sì mọ̀ ọ́n ju ìka lọ.

"Ó wà níbẹ̀," ni ó wí. "Ó jókòó pa bí onílé."

Ẹlẹ́rìn-ín bú sẹ́rìn-ín. Ibi tí àwọn ẹlòmíràn bá ti ń sunkún pàápàá, òun á rí nǹkan rín níbẹ̀; ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ wà ní kíláàsì àṣekágbá ni. Inú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà tó wà lẹ́yìn ilé ni wọ́n wà, níbi tí bàbá Etí Ehoro ti ṣiṣẹ́ títí àìsàn fi dá a dúró, tí ó sì kú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Bàbá náà ló sọ ọmọbìnrin rẹ̀ ní Etí Ehoro, nítorí pé láti kékeré ni ọmọ náà ti máa ń gbọ́ ọ láti yàrá kejì bí ìṣó kan bá dẹ̀ lára àga.

Kì í ṣe títà ni bàbá fẹ́ ta sípíkà méjì tó bẹ̀rẹ̀. Pálọ̀ ara rẹ̀ ló ń ṣe wọ́n fún, kí òun àti ìyàwó rẹ̀ lè máa jókòó gbọ́ orin ní ọjọ́ ogbó wọn. Ó parí ọ̀kan. Àpótí náà ga dé àyà ọmọbìnrin náà. Ní ìsàlẹ̀, wúfà kan wà lójú rẹ̀ tó fẹ̀ bí àwo tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ fún àlejò. Òun ló ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde, ohùn tí à ń fi àyà gbọ́ kí á tó fi etí gbọ́. Lókè rẹ̀ ni ìwo wà. Bàbá fi gọ́ọ̀mù lẹ pákó fẹ́lẹ́ mọ́ pákó fẹ́lẹ́, ó gbẹ́ inú rẹ̀, ó sì fi sáńpépà ha á títí ó fi ń dán bí inú igbá. Láti ọ̀fun tóóró tí ẹ̀rọ ohùn òkè jókòó sí, ó ń là díẹ̀díẹ̀ bọ̀ wá síwájú, bí òdòdó tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn.

"Omi ni ohùn," bàbá máa ń wí. "Bó bá kọsẹ̀ lọ́fun, ariwo ló máa bá dé ẹnu."

Ó tún kan igi dábùú-dábùú sínú àpótí náà kí ara rẹ̀ má baà máa gbọ̀n. Ó ní pákó kò gbọdọ̀ bá akọrin kọrin.

Ìkejì kò kọjá kí ó gé pákó rẹ̀ sílẹ̀. Etí Ehoro ló kàn án lẹ́yìn ìsìnkú, ó sì fi ṣe iṣẹ́ ìdánwò iṣẹ́ igi rẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ta yọ jù ni ilé-ìwé máa ń yàn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ṣẹ́ gíga, ẹnì kan ṣoṣo lọ́dọọdún. Láti ọjọ́ tí bàbá ti kú, kò sí ohun mìíràn tí Etí Ehoro ń ronú kàn nígbà tó bá jí ju pé kí ẹni yẹn jẹ́ òun. Àpótí rẹ̀ dára. Wúfà rẹ̀ ń dún kìjikìji. Ìwo ló dà á. Kò jẹ́ kí gọ́ọ̀mù gbẹ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ, àwọn pákó sì yẹ̀ lórí ara wọn níwọ̀n ẹ̀kánná. Ohun tí à bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ìwàǹwára ló fi mú un. Bí ó bá ti fi orin sí i, tí obìnrin akọrin inú rẹ̀ gbé ohùn sókè, ohùn náà á ké bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ọ̀la ni wọ́n máa gbà á," ni ó wí, ó sì yọ ìka rẹ̀.

"Wò ó, ọ̀rẹ́ mi," ni Ẹlẹ́rìn-ín dáhùn. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Èyí tó wà ní pálọ̀ ńkọ́?"

"Ti bàbá mi nìyẹn."

"Èmi náà mọ̀. Ta ló tún mọ̀? Pákó kan náà, ọ̀dà kan náà. Ìwọ náà kúkú bá wọn ha á. Àbí sáńpépà tó wà lọ́wọ́ ẹ nígbà yẹn, ṣé o fi ń nu imú ni?"

"Kò dáa."

"Kí ni kò dáa níbẹ̀? Tí wọ́n bá wà láyé, ṣé wọn ò ní gbé e fún ẹ? Ta ni bàbá ń ṣiṣẹ́ fún, tí kì í bá ṣe ọmọ?"

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ló wọlé. Ìyá Etí Ehoro, tó jẹ́ aránṣọ, máa ń jáde ní àràárọ̀ lọ kó aṣọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó padà dé, àwọn ọ̀rẹ́ méjì ti fi aṣọ bo sípíkà bàbá, wọ́n sì ti fi bárò gbé e dé ilé-ìwé.

Olùkọ́ iṣẹ́ igi jẹ́ àgbàlagbà tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó yí àpótí náà ká. Ó fi ìka bọ inú ìwo, ìka náà sì wọlé títí dé ọ̀fun láìkan nǹkan kan. Ó bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ló so wáyà mọ́ ọn, ó sì fi orin sí i: obìnrin kan ń kọrin, dùùrù ń tẹ̀lé e.

Gbogbo kíláàsì tẹ́tí. Kí obìnrin náà tó la ẹnu, wọ́n gbọ́ bó ṣe mí sínú. Wọ́n gbọ́ ìka onídùùrù bí ó ṣe kúrò lórí igi dùùrù. Nígbà tí ohùn ìsàlẹ̀ dé, ó dé pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó fi ọwọ́ lé ni léjìká láti ẹ̀yìn. Kò sí ariwo kankan nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo yàrá kún.

"Ìwọ lo ṣe eléyìí?" ni olùkọ́ béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ìwọ nìkan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Mo ti ń kọ́ èèyàn ní iṣẹ́ igi láti ìgbà tí orí mi ṣì ní irun. N ò rí ọ̀fun tó mọ́ tó báyìí rí. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ jẹ́ kó wà níbí di ọ̀la, kí ọ̀gá ilé-ìwé náà wá gbọ́ ọ."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹlẹ́rìn-ín ló pa tiẹ̀ kíkan jù. Àtẹ́wọ́ náà dún lọ, ó dún bọ̀, ṣùgbọ́n ńṣe ni ó ń gba ẹ̀gbẹ́ Etí Ehoro kọjá, bí ìgbà tí wọ́n bá ń kí ẹni tó dúró lẹ́yìn ẹni.

Nígbà tó délé, ìyá rẹ̀ dúró ní pálọ̀, ó ń wo igun tó ṣófo.

"Mo ti fẹ́ figbe bọnu pé olè ti wọlé," ni ìyá wí. "Níbo lo gbé e lọ?"

"Ilé-ìwé ni, Màámi. Olùkọ́ wa fẹ́ gbọ́ ọ."

"Kí ni wọ́n wá sọ?"

"Wọ́n yìn ín gan-an. Wọ́n ní àwọn ò rí irú ẹ̀ rí. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́."

Ojú ìyá là. Ó ti pẹ́ tí ojú náà ti là bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ara wọn mú níwájú àyà. "Wọ́n yin bàbá ẹ? Lójú gbogbo kíláàsì?"

Etí Ehoro wo ilẹ̀.

Ìyá dúró, ó ń retí ìdáhùn. Nígbà tí kò rí i, òye bẹ̀rẹ̀ sí í yé e, ọwọ́ rẹ̀ sì tú kúrò lára ara wọn díẹ̀díẹ̀. Ó jókòó.

"Áà," ni ó wí. "Wọ́n yìn ín, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń yìn."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní mo lè lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ṣẹ́..."

"N ò bá ẹ jà, ọmọ mi. Ẹ̀wù àyálò ni, o sì ti wọ̀ ọ́ jáde. Ìwọ lo máa mọ ibi tó ti ń fún ẹ." Ohùn rẹ̀ kò ga. "Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí bàbá ẹ ti lọ, ṣé o tún ń gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀ níta? Àga tó ṣe fún wọn, wọ́n kàn ń jókòó lé e ni. Sípíkà yẹn nìkan ló kù tó lè mú kí èèyàn dúró, kó béèrè pé, ta ló ṣe èyí? Lónìí, wọ́n béèrè."

Ó dìde lọ sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó fi aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ ẹ̀rọ náà.

Ní ọjọ́ kejì, ọ̀gá ilé-ìwé ti jókòó síwájú kíláàsì kí Etí Ehoro tó wọlé. Olùkọ́ ti na ọwọ́ sí ẹ̀rọ orin.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́."

Ẹlẹ́rìn-ín fà á láṣọ. "Panu mọ́! Ó ti bọ́ sí i fún ẹ tán!"

"Sà, kì í ṣe èmi ni mo ṣe é."

Olùkọ́ yọ ọwọ́ kúrò lára ẹ̀rọ náà. "Ta ló ṣe é?"

"Bàbá mi ni, sà. Káfíńtà ni wọ́n. Wọ́n ti ṣaláìsí. Èmi bá wọn ha pákó rẹ̀ ni. Mo parọ́ lánàá."

"Tìẹ dà?"

"Ó wà nílé. Ó ń pariwo, sà."

"Lọ gbé e wá."

"Ṣé mo lè tún ọ̀fun rẹ̀ ṣe ná, sà?"

"Rárá. Àkókò àwọn yòókù ti tán, tìẹ náà ti tán. Bó ṣe wà ni n ó ṣe gbọ́ ọ. N ó sì yọ máàkì kúrò lára rẹ̀ nítorí irọ́ tó o pa." Ó yíjú sí kíláàsì. "Ẹ dìde. Àná la pàtẹ́wọ́ fún ẹni tí kò ṣe é. Oníṣẹ́ yìí ò sí láyé mọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ọ, kí a sì fún un ní tirẹ̀."

Wọ́n gbọ́ orin náà ní ìdúró, ọ̀gá ilé-ìwé pẹ̀lú. Lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n pàtẹ́wọ́, Etí Ehoro náà sì pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi ń ta á. 

Ó gbé tirẹ̀ wá. Ó pariwo bó ṣe mọ̀ pé yóò pariwo, àwọn kan sì di etí wọn. Ó yege, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló fi yege. Ọmọkùnrin tó ṣe àga tó ṣe é ká pọ̀ ni wọ́n yàn. Etí Ehoro sunkún rẹ̀ sínú ṣọ́ọ̀bù, kò sì purọ́ fún ara rẹ̀ pé kò dun òun. Ó dùn ún gan-an.

Nígbà tí ìsinmi dé, Ẹlẹ́rìn-ín yọjú sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, sáńpépà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo wá bá ẹ ha pákó ni. N ò wá sọ̀rọ̀."

"Ìwọ? Kó o má sọ̀rọ̀? Wọlé ná, ká wo bó ṣe máa pẹ́ tó."

Kò pẹ́ rárá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà pẹ́. Wọ́n fọ́ ìwo àkọ́kọ́, wọ́n tún lẹ pákó mìíràn. Ní gbogbo ìgbà tí ọwọ́ bá ń yún Ẹlẹ́rìn-ín láti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ, Etí Ehoro á ní, "Kò tíì gbẹ." Ìgbà tí gọ́ọ̀mù gbẹ tán ni wọ́n tó fi irin gbẹ́ ẹ, wọ́n sì ha á títí ìka fi wọlé láìkọsẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n gbé sípíkà méjèèjì sí pálọ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ìyá gbé àga sí iwájú wọn. Orin bẹ̀rẹ̀, ó sì burú. Ohùn ìsàlẹ̀ ti lọ. Ohùn obìnrin náà fọ́n káàkiri bí ìyẹ́ adìẹ.

"Ẹyọ kan ń dún dáadáa, méjì wá kéré sí ẹyọ kan?" ni Ẹlẹ́rìn-ín wí. "Ìṣirò wo nìyí?"

Etí Ehoro wo wúfà méjèèjì, ó sì ronú. Ó lọ sẹ́yìn èyí tó ṣe. Wáyà pupa ló wà níbi tó yẹ kí dúdú wà. Bí wúfà bàbá bá ń tì síta, tirẹ̀ ń fà sínú. Ńṣe ni wọ́n ń gbé ohùn ara wọn mì. Ó pààrọ̀ wáyà náà, ó sì tún fi orin náà sí i.

Obìnrin náà mí sínú. Kò sí nínú àpótí ọ̀tún, kò sí nínú ti òsì. Àárín gan-an ló dúró sí, níbi ògiri tí kò sí nǹkan kan, bí ẹni pé ó wọlé láti ẹnu ọ̀nà, ó sì kọjú sí wọn.

Ìyá na ọwọ́ síbi tó ṣófo yẹn. "Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?" ni ó wí jẹ́jẹ́.

"Kò sẹ́nì kankan, Màámi. Ìdajì rẹ̀ ń ti ọ̀dọ̀ bàbá wá, ìdajì ń ti ọ̀dọ̀ mi."

Ìyá di ojú rẹ̀, ó sì gbọ́ ọ títí ó fi parí. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n tún fi orin náà sí i.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó bá pe iṣẹ́ ẹlòmíràn ní tirẹ̀, ó pa ohùn oníṣẹ́ náà, ó sì pa ti ara rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí a fún oníṣẹ́ ní orúkọ rẹ̀, àní bí kò bá sí níbẹ̀ láti gbọ́. Kí a sì gbé tiwa, bó ti wù kó kù díẹ̀ káàtó, sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Iṣẹ́ tó kù díẹ̀ káàtó ṣe é tún ṣe.