Òògùn Àìsùn tí Léontine Lò

Ẹ̀yìn iléèwé wọn ní Ifangni ni Léontine ti ṣubú lulẹ̀, nígbà tí wọ́n jáde fún ìsinmi àárọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, òógùn bò ó, àyà rẹ̀ sì ń lù kì-kì-kì.

Ìdánwò BEPC, èyí tí wọ́n fi ń parí girama kékeré, ku ọ̀sẹ̀ méjì. Fawziath, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló fún un ní hóró òògùn mẹ́rin láàárọ̀ ọjọ́ náà, èyí tó rà lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri òògùn lẹ́bàá ẹnubodè.

"Lò ó, oorun ò ní kùn ẹ́ mọ́," ló wí.

Léontine kọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Fawziath fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ojo ni, ó gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mì.

Moubarak, ẹni tó ń fi alùpùpù kérò, ló gbé àwọn méjèèjì lọ sí kílíníìkì kékeré kan lọ́nà Lagbé. Ẹ̀rù ń ba Fawziath. Níbi tí wọ́n gbé ìyá rẹ̀ lọ lóṣù tó kọjá, ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n ní kó lọ dúró kó tó lè rí dókítà.

"Tàǹtí, ẹ jọ̀ọ́, a ò gba ráńdéfù, wọn ò dá ọjọ́ fún wa o!" ló ké láti ẹnu ọ̀nà.

Nọ́ọ̀sì Thérèse ti gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé àìsàn máa ń dá ọjọ́ fún èèyàn ni? Ẹ gbé e wọlé!"

Bàbá Ifálérè, àgbẹ̀ tí ọkọ́ ṣá lẹ́sẹ̀, ló kàn láti wọlé. Ó yẹra. "Ẹ kọ́kọ́ wo ọmọ yìí. Ẹsẹ̀ tèmi á dúró."

Thérèse di ọwọ́ Léontine mú. "Kí ló lò?"

Fawziath rò ó wò. Bí iléèwé bá gbọ́ ńkọ́? "Ó... ó kàn ṣubú ni."

"Ọmọ mi, èmi kì í ṣe ọlọ́pàá. Bí n kò bá mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, òògùn tí n óò fún un lè pa á."

Ojú Léontine yí sókè. Fawziath fa ìyókù òògùn náà yọ nínú àpò rẹ̀, ó bú sẹ́kún. "Èmi ni mo fún un, Tàǹtí. Mẹ́rin ló gbé mì."

Thérèse kò bú u. Ó pe dókítà lórí fóònù, ó fa omi sí Léontine lára, ó sì ń ka bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù. Láàárín àkókò náà, ó di ẹsẹ̀ Bàbá Ifálérè, ó tún wo ọmọ ọwọ́ kan tí ibà ń ṣe. Kò sí ẹni tó wá tí Thérèse dá padà. Ìrọ̀lẹ́ ni àyà Léontine tó rọlẹ̀, nígbà náà ni Thérèse tó jókòó.

Nígbà tí iléèwé gbọ́, wọ́n lé Fawziath sílé fún ọ̀sẹ̀ kan. Delphine, ìyá Léontine, kọ ẹ̀yìn sí i nígbà tó wá tọrọ àforíjì. Nígbà tí èsì ìdánwò jáde, Léontine yege, Fawziath kò yege. Ó sunkún, ó sì tún kíláàsì náà ṣe.

Síbẹ̀, Léontine fúnra rẹ̀ ló wá jókòó tì í. "Mo bínú sí ẹ gan-an," ló wí. "Àmọ́ ká ní o dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn, n kì bá tí sí láyé mọ́."

Ọ̀rẹ́ gidi kì í ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ sínú ewu. Bí a bá sì ti ṣìṣe, ká tètè sọ òtítọ́. Ilẹ̀kùn àwọn olùtọ́jú bíi Thérèse ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń bo egbò rẹ̀ mọ́lẹ̀, ta ni yóò bá a wò ó?